Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́rin

Oníkánjú ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀, torí òótọ́ ni. Mi ò lè dúró. Bí ẹ bá ń bá mi sọ̀rọ̀ tí ẹ wá ń wá ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ lò, èmi ni màá bá yín wá a, màá sì sọ ọ́ sí yín lẹ́nu. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí mo bá dé ẹnu bodè ọ̀run, màá ní kí àwọn tó wà níwájú mi tètè máa sún.

Iṣẹ́ tí Ọlọ́run wá fún irú mi ni pé kí n máa lé ìdúró kúrò nínú ìpè. Ilé iṣẹ́ wa ló ń gbé ohùn gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn báǹkì, àwọn ilé ìwòsàn àti àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá mi, torí ó yé wọn ju bó ṣe yé ọ̀gá mi lọ. Bí ẹ bá sọ pé "ẹ káàárọ̀" sínú irú tẹlifóònù wa yìí, ohùn yín kò ní lọ lódindi. Ẹ̀rọ á gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni ń gé ilá, á di ègé kọ̀ọ̀kan sínú àpòòwé, á kọ àdírẹ́sì sí i lára, á sì tì í sójú ọ̀nà. Ojú ọ̀nà yẹn kan náà ni fíìmù àwọn aládùúgbò ń gbà, àti àwòrán ìgbéyàwó, àti gbogbo pàǹtí ayé, gbogbo wọn ń ti ara wọn. Àpòòwé kejì lè dé ṣáájú àkọ́kọ́. Nítorí náà, lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbọ́, yàrá kékeré kan wà tí wọ́n ti ń dúró de ara wọn, kí wọ́n tó tò wọ etí. Bí yàrá náà bá tóbi jù, ohùn á dán, àmọ́ á pẹ́. Bí ó bá kéré jù, ohùn á máa já. Iṣẹ́ mi ni kí n wá ìwọ̀n tó tọ́, kí n wá ọ̀nà tó kúrú, kí n sì rí i pé ohùn kọ́kọ́ kọjá kí fíìmù ẹnikẹ́ni tó kọjá.

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, màmá mi ní, "Gbogbo wàhálà yìí nítorí ẹ káàárọ̀? Láyé tiwa, a máa ń ki wáyà kan bọ ihò ni, ọ̀rọ̀ á sì lọ."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi jókòó nídìí pátákó ìpè nílé iṣẹ́ tẹlifóònù, tí wọ́n ń fi wáyà so oníbàárà kan mọ́ èkejì. Ẹnu wọn yá. Hà, ẹnu màmá mi yá! Kí o tó béèrè tán, ìdáhùn ti dé, wọ́n á sì fi èébú kékeré kan ṣe ènì fún ọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mi ò lè purọ́ fún wọn, torí wọ́n á ti dá irọ́ náà lóhùn kí n tó rò ó tán.

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí tí wọ́n ti kú. Mo tètè ń sọ ọ́ kí ẹ má baà máa retí pé bóyá wọ́n máa yè é.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ ìpè wa, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mo ra tẹlifóònù kan fún wọn tó ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ní bọ́tìnnì ńláńlá, torí wọn ò fẹ́ràn fóònù alágbèéká rárá; wọ́n ní kò wúwo tó ohun tí èèyàn lè fi sọ òótọ́. Ó wà lórí tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ, tó sì ń ránṣọ, ló ń bá wọn gbé, ìrìn ọjọ́ kan gbáko sí ibi tí mo wà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kì í sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ yẹn. Àtẹ̀jíṣẹ́ la fi ń jà.

Ọjọ́ Àìkú kan, mo ní, "Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́." Kò sí èsì. Mo ní, "Hẹ́lò? Màmá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Bí mo ṣe ń sọ ìyẹn lọ́wọ́ ni "kú ìrọ̀lẹ́, ọkọ mi" tiwọn wọlé, ọ̀rọ̀ méjèèjì forí gbárí, làwa méjèèjì bá dákẹ́. Ẹ mọ irú ìdákẹ́ yẹn. Kálukú á máa dúró kí ẹnìkejì sọ̀rọ̀, kálukú á sì tún sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí n má purọ́, inú mi dùn. Bí ilẹ̀kùn ìyá káfíńtà bá ń han, ṣé káfíńtà kò ní yára gbé òòlù ni? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ohun tí mo lè ṣe fún màmá mi tó ju owó fífi ránṣẹ́ lọ, ọ̀nà sì wá ṣí sílẹ̀ láti inú iṣẹ́ tèmi gan-an.

Ní ọjọ́ Ajé mo wọn ọ̀nà náà láti orí kọ̀ǹpútà mi. Ó burú lóòótọ́. Ohùn mi ń lò ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ kó tó débẹ̀, tiwọn náà ń lò tó bẹ́ẹ̀ kó tó padà. Etí èèyàn kì í gba ìyẹn. Bí ìdúró bá ti pọ̀ ju ìgbà tí èèyàn fi ń ṣẹ́jú lọ, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu, wọ́n á máa rò pé ẹnìkejì ń bínú, tàbí pé kò fẹ́ dáhùn. Nítorí náà, òótọ́ ni pé wáyà ń pẹ́. Ohun tó pa mí lára gan-an nìyẹn. Ká ní irọ́ ni látilẹ̀, ǹ bá tètè ríran.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, mo rí i pé ńṣe ni ohùn wa ń yí ìlú méjì po lórí òfo kó tó délé. Mo bẹ ọ̀rẹ́ mi kan tó wà níbi tí wọ́n ti ń darí ọ̀nà náà, ó sì ṣí ọ̀nà tààrà fún wa. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo dín yàrá ìdúró kù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo bá ẹ̀gbọ́n mi jà nítorí àwọn fíìmù tí wọ́n máa ń wò bí wọ́n bá ń ránṣọ, mo ní fíìmù wọn ló ń dí ohùn màmá lọ́nà.

Ẹ̀gbọ́n mi fèsì pé, "Fíìmù kọ́. Màmá kì í tètè dáhùn mọ́. Lánàá mo bi wọ́n pé ta ló kanlẹ̀kùn, omi tí mo gbé kaná ti fẹ́rẹ̀ẹ́ hó kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Ife ti já bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà."

Mo kọ ọ́ pé, "Ọjọ́ orí ni. Ṣé ẹ̀yin náà máa ń tètè dáhùn ni?"

"Ojú lọ̀rọ̀ wà. Wá wò wọ́n."

"Iṣẹ́ pọ̀. Wáyà ni mo ń tún ṣe."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí èyí tó kàn tó wọlé. "A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Wọn ò gbà fún mi, wọ́n ní ara àwọn le. Wọ́n ní àfi bí ìwọ bá ní kí àwọn lọ. Jọ̀ọ́, sọ fún wọn ní ọjọ́ Àìkú."

Gbólóhùn kan péré ni wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ mi. "Màmá, ẹ lọ rí dókítà." Ọ̀rọ̀ márùn-ún. Èmi tí mo máa ń bá gbogbo ayé sọ ọ̀rọ̀ tí wọn ò tíì rò.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú dé, màmá fúnra wọn ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ..." ohùn wọn sì dúró. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n... kí n lọ... ilé..." Mo ti ń fi ojú inú wo àwọn àpòòwé tó sọ nù lọ́nà. Mo tiẹ̀ mú bírò, mo ń kọ ibi tí ohùn ti já sílẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ilé ìwòsàn. Mo ti gbọ́. Ẹ má dá wọn lóhùn jàre, màmá. Àǹtí fẹ́ràn wàhálà. Ara yín le koko. Wáyà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo ń tún un ṣe lọ́wọ́. Ẹ fún mi ní oṣù kan sí i."

Wọ́n dákẹ́. Ní ìgbẹ̀yìn wọ́n ní, "Bí o bá ti wí bẹ́ẹ̀, ọkọ mi."

Wọ́n gbà mí gbọ́. Màmá mi tí wọ́n fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n mọ ìyàtọ̀ láàárín wáyà tó bàjẹ́ àti wáyà tó dára, tí wọ́n sì ti mọ̀ lára wọn pé ẹ̀rọ kọ́ ló ń pẹ́, wọ́n gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ torí pé ẹnu mi ló ti jáde. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Èmi sì ni mo tún lọ fi kún ìyẹ́ náà.

Oṣù kan di méjì, méjì lé. Mo fi ẹ̀rọ tuntun kan ránṣẹ́, irú èyí tó máa ń fi ohùn síwájú gbogbo nǹkan, mo sì ní kí ẹ̀gbọ́n mi so ó. Ọjọ́ yẹn, àtẹ̀jíṣẹ́ mọ́kànlélógójì ni a kọ síra wa. Mo ní, "Ihò òkè kọ́, ti ìsàlẹ̀!" Wọ́n ní, "Wá fi ọwọ́ ara rẹ kì í bọ̀ ọ́." Mo ní, "Ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún un fi sí i." Wọ́n ní, "Aṣọ oníbàárà wà lórí itan mi, mo tún dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì nítorí rẹ. Ọlọ́run á bi ọ́." Nígbà tí iná aláwọ̀ ewé tàn lára ẹ̀rọ, wọ́n ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Màmá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan nínú àwòrán náà, wọ́n jókòó, ọwọ́ ọ̀tún wọn wà lórí itan bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé ni mo wò.

Mo wọn ọ̀nà náà. Ìdúró ti wálẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, kò tilẹ̀ tó o. Ọ̀gá mi wá dúró lẹ́yìn àga mi, wọ́n tẹ ojú mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n ní, "Oníkánjú, o ò ní pa wá." Wọ́n ní a ó ṣe irú rẹ̀ fún gbogbo oníbàárà. Wọ́n ra mínírà fún gbogbo wa, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pàtẹ́wọ́, èmi náà sì ń yangàn káàkiri ọ́fíìsì pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo jókòó sídìí tábìlì mi nílé, mo tún ohùn mi ṣe dáadáa. Aago ògiri wà lókè níwájú mi.

"Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

Pálọ̀ wọn dákẹ́. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀gbọ́n mi nínú yàrá kejì, ó ń ké kedere bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn mi. Ìṣẹ́jú àáyá kan. Méjì. Mẹ́ta. Mẹ́rin.

"Kú... kú ìrọ̀..."

Inú bí mi. Ọlọ́run dárí jì mí, inú bí mi sí ẹ̀rọ, sí ọ̀rẹ́ mi tó ṣí ọ̀nà, sí ẹ̀gbọ́n mi, sí màmá pàápàá. Mo kígbe pé kí wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi wá sídìí fóònù.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kí ló tún dé?"

"Ẹ ti ki nǹkan kan bọ ibi tí kò yẹ. Ẹ gbọ́, mo fẹ́ dán an wò. Màá fi bírò kan tábìlì. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ báyìí, kí ẹ fi òrùka yín kan ẹ̀yìn fóònù."

Mo kan án. Òrùka dáhùn. Mo tún kan án. Òrùka dáhùn, lójú ẹsẹ̀, àfi bíi pé orí tábìlì kan náà la wà. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mo ń sáré, mo ń wá ibi tí ó ti máa kùnà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni ó dé.

Mo ní, "Ẹ fún màmá. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń ṣàlàyé fún wọn, jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dán wò lọ́dọ̀ màmá mi tẹ́lẹ̀. Mo kan tábìlì. Mo gbójú sókè wo aago. Ó ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin kí nǹkan kan tó dún lọ́hùn-ún, kò sì le. Mo tún kan án. Mẹ́rin, ó lé díẹ̀. Mo kan án lẹ́ẹ̀kẹta, mo dúró, mo dúró títí, kò sí nǹkan.

Ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù. Ohùn wọn ti yí padà. Wọ́n ní, "Wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n kàn ń wò ó ni."

Mo mọ̀. Kò sí ẹni tó nílò láti sọ fún mi mọ́. Gbogbo ohun tó wà láàárín èmi àti màmá mi ni mo ti mú kúrò, kò sí wáyà tí mo tún lè bú. Mo ní, "Àǹtí, ẹ gbé wọn lọ. Ẹ gbé wọn lọ nísinsìnyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní èmi ni mo ní kí wọ́n lọ." Mo ń sunkún bí ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi gbé wọn lọ. Èmi náà gbéra ní òwúrọ̀, mo wọ ọkọ̀ méjì, mi ò sì fi nǹkan kan sẹ́nu lọ́nà. Kí n tó dé, àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti lọ, ẹnu sì ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin tín-ínrín kan tó fi bírò há irun. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ló ti ń dì nínú àwọn iṣan kéékèèké lọ́pọlọ wọn, díẹ̀díẹ̀, ó ti pẹ́. Ó bi wá pé ìgbà wo la ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. Èmi ni mo sọ pé ó ti ju oṣù mẹ́ta lọ.

Dókítà yọ bírò náà, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Oògùn wà tí à bá ti fún wọn nígbà yẹn, tó ṣeé ṣe kó dá a dúró. Báyìí, ìtọ́jú la lè máa ṣe." Kò bú mi. Aláìsàn míì ń dúró dè é.

Ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi fara ti ògiri. Ó wù mí kí wọ́n gbá mi létí. Wọ́n ní, "Ọgbọ́n àgbọ́njù ní ń pa òdù ọ̀yà. O ṣáà tún wáyà ṣe." Wọ́n nu ojú, wọ́n gba ìwé oògùn, wọ́n ní kí n lọ jókòó ti màmá kí àwọn fi lọ ra oògùn dé.

Bẹ́ẹ̀dì márùn-ún ló wà nínú yàrá náà, kọ́tìnnì aláwọ̀ búlúù láàárín wọn, ooru sì mú gan-an. Màmá mi wà ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Wọ́n ti kéré. Wọ́n rí mi, wọ́n mọ̀ mí, mo rí i lójú wọn pé wọ́n mọ̀ mí. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù fún wọn láyé, mi ò mọ̀. Mo fa àga oníke kan, mo jókòó, ẹnu mi sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́, mo ní ẹ máa gbádùn, mo ní ọ̀nà dára. Màmá la ẹnu díẹ̀. Mo ní, "Omi ni? Ṣé ìrọ̀rí ni? Ṣé kí n pe nọ́ọ̀sì?" Wọ́n pa ẹnu náà dé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n tún là á. Mo ní, "Àǹtí ń bọ̀, wọ́n lọ ra..."

Ìyá àgbà kan tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì ní, "Ọmọkùnrin yìí, o ò ṣe jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán?"

Mo ronú kan gbogbo ọjọ́ Àìkú wọ̀nyẹn, gbogbo "hẹ́lò, hẹ́lò" tí mo fi lé ọ̀rọ̀ padà sí wọn lọ́fun, bóyá ó ku díẹ̀ kí wọ́n mú un jáde. Mo fi ọwọ́ mi lé ọwọ́ òsì wọn, èyí tó ṣì ń gbóná.

Mo ní, "Màmá, ṣé ibì kankan ń dùn yín?"

Mo wá dákẹ́. Nọ́ọ̀sì ti kẹ̀kẹ́ oògùn kọjá, ó tún ti í padà. Ẹnì kan húkọ́ lẹ́yìn kọ́tìnnì. Mi ò wo aago. Ètè màmá ń kó ara wọn jọ, wọ́n ń túká, wọ́n tún ń kó ara wọn jọ, ojú wọn kò sì kúrò lára mi.

Wọ́n ní, "O... ti... jẹun?"

Mo fẹ́ dá wọn lóhùn. Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ kékeré, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Mo la ẹnu, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó jáde. Màmá mi kò pè mí lẹ́ẹ̀kejì. Wọn ò bi mí bóyá mo gbọ́. Wọ́n kàn ń wo ẹnu mi, wọ́n ń dúró.